Ṣé Lóòótọ́ Ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Charter Dára Ju Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba Lọ Ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ìyá kan tí ó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé pé ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó ní àbúrò obìnrin kan, ti fẹ́ parí kíláàsì karùn-ún. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú kèké tí ilé-ẹ̀kọ́ charter kan (ilé-ẹ̀kọ́ tí owó-orí ń gbé ró, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àjọ ẹ̀kọ́ àdúgbò ni ó ń darí rẹ̀) ń ṣẹ́, orúkọ náà sì jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn láti fèsì. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n tètè gbà á, nítorí pé charter ti fi ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Arábìnrin kan nínú ìjọ wọn ní irọ́ ni, pé ṣe ni wọ́n ń fi ọgbọ́n lé àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kí máàkì wọn lè dára lójú ayé. Ìbátan kan tún ní kí wọ́n kúkú fi ọmọ náà sí charter orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó má baà sí wàhálà bọ́ọ̀sì. Ìyá náà fẹ́ mọ ẹni tí òun lè gbà gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu àbúrò ọkọ yín àti arábìnrin ìjọ yín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dáhùn ìbéèrè tí ó wà níwájú yín nínú wọn. Bí a bá kó gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ charter Amẹ́ríkà jọ sí ọ̀nà kan, tí a sì kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù jọ sí èkejì, ìyàtọ̀ tí a óò rí láàárín wọn kò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín charter kan àti charter mìíràn ni ó pọ̀, ó sì pọ̀ débi pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ kò sọ ohun púpọ̀ fún òbí. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí tí ó pè yín àti èyí tí ọmọ náà yóò lọ bí ẹ kò bá gbà, èwo ni yóò kọ́ ọ dáadáa jù?

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ tún èrò kan tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ṣe: ilé-ẹ̀kọ́ charter kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Owó-orí ni wọ́n fi ń gbé e ró, òbí kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọn kì í sì í fi ìdánwò àṣewọlé ṣa ọmọ ní gbogbogbòò. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé kì í ṣe àjọ ẹ̀kọ́ àdúgbò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní district, ni ó ń darí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò bá ìjọba tàbí àjọ tí òfin yàn ṣe àdéhùn ọdún mélòó kan. Wọn yóò gba òmìnira lórí àkókò ẹ̀kọ́, ìgbanisíṣẹ́ àti ọ̀nà ìkọ́ni, bí èsì wọn kò bá sì dára, wọ́n lè pàdánù àdéhùn náà. Ní Texas, fún àpẹẹrẹ, kò pọn dandan kí olùkọ́ charter ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti ìpínlẹ̀, àyàfi àwọn tí ń kọ́ ọmọ tí ó ní àìní pàtàkì, bí ìpèníjà ara tàbí ti ẹ̀kọ́, àti àwọn tí ń kọ́ ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó kàwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kí ìjọba tó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ yóò rántí ètò kan tí ó sún mọ́ ọn: ìjọba ń fi owó ràn án lọ́wọ́, ìjọ ni ó ń darí rẹ̀. Minnesota ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin charter, ní 1991, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sì ṣí ní ìlú St. Paul ní 1992. Texas ṣe tirẹ̀ ní 1995. Lónìí, iye wọn ní gbogbo Amẹ́ríkà ti ju 7,000 lọ, àwọn ọmọ inú wọn sì ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Ìdí tí àríyànjiyàn náà kò fi parí láti ìgbà náà wá ni pé fífi máàkì ìhà kan wé ti ìhà kejì lásán kò lè fi òótọ́ hàn. Ọmọ kì í ṣèèṣì dé charter. Ẹnì kan ni ó gbọ́ nípa rẹ̀, tí ó wá fọ́ọ̀mù, tí ó kọ ọ́ kí ọjọ́ tó kọjá, tí ó sì ti pinnu láti máa gbé ọmọ lọ sí ọ̀nà jíjìn láràárọ̀. Òbí tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òbí tí ó ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ wò pẹ̀lú. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá gba máàkì gíga, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ni ká kí ni, àbí ìyá rẹ̀? Àwọn òbí mìíràn ẹ̀wẹ̀, nítorí pé ìwé kò wọ ọmọ wọn lórí níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ sí charter, bí máàkì charter bẹ́ẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ rárá.

Kèké tí orúkọ ọmọ yín ti jáde yẹn gan-an ni ó ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́ láti já kókó yìí. Ká ní igba òbí kọ fọ́ọ̀mù fún ọgọ́rùn-ún àyè. Gbogbo wọn ni ó ní ìtara, gbogbo wọn ni ó kọ fọ́ọ̀mù kan náà. Orí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe ìwà òbí tàbí ọpọlọ ọmọ. Bí a bá wá tọ ipasẹ̀ ọgọ́rùn-ún tí orúkọ wọn jáde àti ọgọ́rùn-ún tí tiwọn kò jáde fún ọdún díẹ̀, ìyàtọ̀ yòówù tí ó bá hàn kedere láàárín àwọn méjèèjì, a lè fi dá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́bi tàbí kí a fi yìn ín. Àbùkù kan ni ọ̀nà yìí ní: ilé-ẹ̀kọ́ tí kò kún kì í ṣẹ́ kèké, èyí tí àwọn òbí ń du ni ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó dára. Nítorí náà, ohun tí kèké fi hàn kò lè dúró fún gbogbo charter.

Boston ni irú ìwádìí yìí ti mú èsì tí ó lágbára jù lọ wá. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, tí Joshua Angrist, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, àti Parag Pathak wà nínú wọn, tẹ èsì wọn jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí kèké gbé wọ charter ní kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ tẹ̀ síwájú nínú ìṣirò lọ́dọọdún débi pé àlàfo tí ó wà láàárín máàkì ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ti aláwọ̀ funfun dín kù púpọ̀. Wọ́n jèrè nínú ìwé kíkà náà, ṣùgbọ́n èrè ibẹ̀ kò tó ti ìṣirò. Èmi kò mọ ọ̀pọ̀ ètò ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n wo charter tí ó wà lẹ́yìn òde àwọn ìlú ńlá ní ìpínlẹ̀ Massachusetts kan náà, wọn kò rí èrè kankan, àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ rẹ̀yìn. Ìwádìí kèké mìíràn tí iléeṣẹ́ Mathematica ṣe fún ìjọba àpapọ̀, tí ó jáde ní 2010, wo ilé-ẹ̀kọ́ charter 36 ní ìpínlẹ̀ 15, èsì rẹ̀ sì fara jọ èyí: ní ìpíndọ́gba, kò sí ìyàtọ̀, àwọn ọmọ tálákà inú ìlú ńlá jèrè, àwọn ọmọ tí ọwọ́ òbí wọn ti tó ẹnu pàdánù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn. Kì í ṣe pé charter inú ìlú ní idán kan tí ti ẹ̀yìn òde kò ní nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ìlú ì bá lọ ni ó sábà máa ń burú, nígbà tí ọmọ tí ó wà ní àdúgbò ọlọ́rọ̀ ti ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó dára lẹ́bàá ilé. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn charter ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà fi sílẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rí Boston kò ran charter lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìdìbò: ní 2016, wọ́n bi àwọn ará Massachusetts bóyá kí wọ́n fi kún iye charter, nǹkan bí 62 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò sì ní rárá, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń bẹ̀rù pé owó ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn ni wọn yóò gbé lọ. Ohun tí ó dára fún ọmọ kan àti ohun tí àwùjọ gbà láti san owó lé lórí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìwádìí tí ó gbòòrò jù ni ti àjọ CREDO ní Yunifásítì Stanford. Àwọn kò gbára lé kèké. Ọmọ charter kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá ẹni tí ó jọ ọ́ fún ní irú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó ti kúrò, ẹni tí kíláàsì, ẹ̀yà, ipò òbí àti máàkì àtẹ̀yìnwá rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Ní 2009, èsì wọn dun àwọn alátìlẹ́yìn charter: nínú ìṣirò, 17 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-ẹ̀kọ́ charter ni ó ṣe dáadáa ju ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ, 37 ṣe burú jù ú lọ, ìyàtọ̀ kò sì hàn ní ti 46 yòókù. Ní 2023, nǹkan ti yí padà. Ní ìpíndọ́gba, ọmọ charter fi ohun tí ó tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ 16 ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìwé kíkà, ó sì fi ti ọjọ́ 6 jù ú lọ nínú ìṣirò, nínú ọdún ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ọjọ́ 180. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látínò tí òbí wọn kò lówó ni èrè náà pọ̀ fún jù. Inú mi dùn sí ìtẹ̀síwájú yìí, ṣùgbọ́n èmi kò ní torí ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́fà gbé ọmọ kúrò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kí ni ó fa ìyípadà náà? Ìpínlẹ̀ tiyín gan-an ni ó fún wa ní ìdáhùn tí ó ṣe kedere jù. Àwọn tí ó wo charter Texas láti 2001 sí 2011 rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò dára níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó burú ń kógbá sílé, àwọn tí ó ń ṣí lẹ́yìn wọn sàn jù wọ́n lọ, àwọn tí ó dára sì ń fi ẹ̀ka kún ẹ̀ka. Ìyẹn dára fún ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé nínú ìtàn yẹn, àwọn ọmọ kan wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí a tì pa, kò sì yẹ kí ọmọ yín wà nínú irú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́ ọdún díẹ̀, tí èsì rẹ̀ wà nílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí, ni mo máa ń gba òbí níyànjú láti lọ.

Ọ̀rọ̀ charter orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní gba àkókò wa. Nínú ìwádìí CREDO ti 2023 kan náà, àwọn ọmọ inú wọn fi ohun tí ó tó ẹ̀kọ́ ọjọ́ 58 rẹ̀yìn nínú ìwé kíkà, wọ́n sì fi ti ọjọ́ 124 rẹ̀yìn nínú ìṣirò. Ní Ohio, èyí tí ó tóbi jù níbẹ̀, Electronic Classroom of Tomorrow, ti ìlẹ̀kùn ní oṣù January 2018, láàárín ọdún ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí ìjọba ní ó ti gba owó lórí ọmọ tí kò lè fi ẹ̀rí hàn pé ó kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó wá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ bá mi kí ìbátan yín, ẹ sì sọ fún un pé rárá.

Houston tí ẹ wà yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn charter. Ibẹ̀ ni Mike Feinberg àti Dave Levin ti bẹ̀rẹ̀ KIPP, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ charter kan, ní 1994. Ibẹ̀ ni YES Prep náà ti ṣí ní 1998. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí ń pè ní No Excuses: aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ gígùn, òfin líle, àti ìpinnu pé yunifásítì ni gbogbo ọmọ ń lọ. Òbí Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní ilé òun ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú mi lórí jù ní Houston kì í ṣe charter rárá. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2010 sí 2011, Roland Fryer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, bá Houston ISD, ìyẹn district ti Houston, ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní Apollo 20, tí wọ́n fi mú ọ̀nà tí àwọn charter tí ó dára ń gbà ṣiṣẹ́ wọ ogún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí èsì wọn kò dára. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́, wọ́n fi kún wákàtí ẹ̀kọ́, wọ́n sì yan àwọn olùkọ́ aláfikún tí ń jókòó ti ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lójoojúmọ́ nínú ìṣirò. Ìṣirò àwọn ọmọ náà gbé pẹ́ẹ́lí. Ìwé kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ohun tí wọ́n gbé wọ inú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ti wá láti inú ìwádìí tí Fryer àti Will Dobbie ṣe lórí charter 39 ní New York. Wọ́n bèèrè ohun tí ó ya charter tí ó dára sọ́tọ̀ sí èyí tí kò dára, wọ́n sì rí i pé iye ọmọ inú kíláàsì, owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ àti ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ kọ́ ni. Wọ́n rí i pé ọ̀gá máa ń wọ kíláàsì léraléra láti wo olùkọ́ kí ó sì bá a sọ ohun tí ó kù, pé wọ́n ń fi máàkì ọmọ tún ẹ̀kọ́ ṣe láàárín ọdún dípò kí wọ́n dúró de òpin rẹ̀, pé àwọn ọmọ ń gba ẹ̀kọ́ aláfikún ní ẹgbẹ́ kékeré, pé wákàtí ẹ̀kọ́ pọ̀, àti pé wọn kì í gba ìmẹ́lẹ́ láyè. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe ra orúkọ.

Máàkì nìkan kọ́ ni ayé ọmọ. Dobbie àti Fryer tún tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ Texas dé ibi iṣẹ́, èsì ibẹ̀ sì le díẹ̀: charter oríṣi No Excuses gbé máàkì àti iye àwọn tí ó wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin sókè, ṣùgbọ́n owó tí àwọn ọmọ náà ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àwọn charter oríṣi mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà já máàkì, ìwọlé sí yunifásítì àti owó iṣẹ́ wálẹ̀. Ní ti KIPP, Mathematica rí i ní 2023 pé àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ láti kíláàsì karùn-ún tàbí ìkẹfà títí dé ìkejìlá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú píparí yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn tí kò kọjá kíláàsì kẹjọ níbẹ̀ kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Èmi yóò ka èyí pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí ọmọ tí ó dúró dé kíláàsì ìkejìlá ti fi ara rẹ̀ hàn ní ẹni tí ètò náà bá lára mu. Síbẹ̀, ó mú ìbéèrè kan wá tí òbí kì í sábà bèèrè: lẹ́yìn kíláàsì kẹjọ, ibo ni àwọn ọmọ wọn ń lọ?

Ó ku ọ̀rọ̀ arábìnrin ìjọ yín. Ní gbogbogbòò, ẹ̀rí kò fi hàn pé òótọ́ ni ẹ̀sùn pé wọ́n ń lé ọmọ. Nígbà tí wọ́n wo KIPP, iye àwọn ọmọ tí ó ń kúrò kò ju ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà nítòsí lọ. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé, bí ọmọ bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni tí ó bá kó wọ àdúgbò ni yóò jókòó sí àyè rẹ̀; KIPP kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ọmọ tuntun ní kíláàsì keje àti ìkẹjọ, àwọn tí wọ́n bá sì gbà sábà máa ń mọ̀wé díẹ̀ ju àwọn tí ó lọ lọ. Àyè wà fún ìfura níbòmíràn pẹ̀lú. Àjọ GAO, tí ń ṣe àyẹ̀wò fún ìjọba àpapọ̀, rí i pé ní ọdún ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010, ọmọ tí ó ní àìní pàtàkì jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní charter, wọ́n sì jẹ́ 11 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù. Òfin Texas tún gba charter láyè láti kọ ọmọ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó ti hu ìwà ọ̀daràn tàbí pé ó ti ní ìṣòro ìwà ní ilé-ẹ̀kọ́, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn. Bí ọmọ yín bá ní ètò àìní pàtàkì, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò máa bójú tó o àti wákàtí tí yóò fi bá a ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, kí ẹ tó bọwọ́ lu ohunkóhun.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ wá èsì ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì lórí ojúlé àjọ ẹ̀kọ́ Texas, ẹ má sì wo máàkì nìkan; ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ìtẹ̀síwájú ọmọ sí, nítorí ìyẹn ni ó ń sọ bí ọmọ ṣe wọlé àti bí ó ṣe jáde. Bí ẹ bá wà lábẹ́ Houston ISD, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èsì àtijọ́ tàbí ohun tí aládùúgbò sọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn: ní 2023 ni ìpínlẹ̀ gba àkóso níbẹ̀, tí wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ àti ọ̀gá àgbà tuntun, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó sì ti yí padà, àwọn kan sí rere, àwọn kan tí òbí ṣì ń bínú sí. Bí ó bá jẹ́ lábẹ́ district Alief tàbí ti Fort Bend ni ẹ ń gbé, ìyẹn kò kàn yín. Ẹ bẹ ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wò ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá charter náà pé ọmọ mélòó ni ó wọ kíláàsì kẹfà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó nínú wọn ni ó parí kíláàsì kẹjọ, àti olùkọ́ mélòó ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní èṣí. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní àwọn iye náà lẹ́nu.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín bá jẹ́ èyí tí ọmọ kì í tẹ̀ síwájú, tí charter yìí sì ti ní ìtẹ̀síwájú tí ó dára fún ọdún mẹ́ta léraléra, èmi yóò gba àyè náà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò bá dára, tàbí tí ọmọ náà bá lè wọ ètò magnet kan, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe, ní district yín, kò sí ohun kan nínú gbogbo ìwádìí wọ̀nyí tí ó ní kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ óò há sí ibì kan: ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín gbọ́dọ̀ gba ọmọ náà padà nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ẹ mẹ́nu bà nínú ìwé yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ charter máa ń fi ọmọ ìyá ṣáájú nínú kèké, ẹ béèrè bóyá tiwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.